Àlàájà Hàlímátù Lọ Wo Omi Aróbíòjò

Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n bí Àlàájà Hàlímátù sí ní Ìkòsì, kò sì mọ nǹkan kan nípa odò ju ìyọnu lọ. Bí odò Ògùn bá ti kún, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Omi náà ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ rí. Ó ti ba àpótí aṣọ tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà jẹ́. Lọ́dún kan, omi gbé ọ̀pọ̀lọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ kì í fi í dùn bí Damaris ìyá Levi, ayálégbé rẹ̀, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin omi ìlú wọn.

"Àlàájà, orí òkè ló ti ń já bọ́ o! Ó funfun bí òwú!"

"Ìyá Levi, ilẹ̀ ni omi tí mo mọ̀ ń gbà rìn. Ẹ̀yin ará òkè, irọ́ yín ti pọ̀ jù."

Ọdún kọkàndínlógún nìyẹn tí wọ́n ti jọ ń gbé. Damaris ń rán aṣọ ilé-ìwé ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, odidi oṣù kan ni Àlàájà fi ń sùn tì í. Bí ààwẹ̀ bá sì dé, Damaris tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kan ilẹ̀kùn Àlàájà pé kó dìde jẹ sààrì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Àlàájà, ó fi ọdún mẹ́jọ ju Damaris lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn á rò pé ìbejì ni wọ́n.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Damaris ní, "Àlàájà, ẹ jẹ́ ká lọ fojú rí i, kí iyàn yìí lè tán." Ojọ́ta ni wọ́n ti wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìpólé-Òkè, ìlú Damaris, ilé Mojí àbúrò rẹ̀ ni wọ́n sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kọrí sí ibi omi náà. Ìjọba ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́: wọ́n ti ṣe géètì, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn. Damaris dúró lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ibi tí mo ti ń fọ aṣọ ìyá mi rèé o! Wọ́n ti wá ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀."

Ọ̀nà náà gba àárín àpáta méjì tó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ewéko sì ń rọ̀ sílẹ̀ lára òkúta. Bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ ni Àlàájà gbọ́ ariwo kan níwájú, ló bá dúró.

"Òjò ti ń bọ̀. Jẹ́ ká padà."

"Kì í ṣe òjò, Àlàájà. Omi ọ̀hún nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Aróbíòjò nìyẹn."

Wọ́n yà ní kọ́nà kan, wọ́n sì rí i. Omi funfun ń já wálẹ̀ láti òkè réré, ó ń bu gbàmù lórí àpáta, èéfín rẹ̀ sì gba gbogbo àárín òkè. Àlàájà di ìbòrí rẹ̀ mú.

"Sùbúhánálláhì."

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí òkúta, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó sì kígbe bí ọmọdé nítorí òtútù. Ó wo omi náà títí.

"Ìyá Levi, wò ó, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń bá lọ. Kò wọ ilé ẹnì kankan."

Damaris jókòó tì í. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó ti fẹ́ sọ láti Ojọ́ta.

"Àlàájà, Levi ti kọ́ yàrá méjì fún mi lẹ́yìn ilé Mojí. Tí Kérésì bá ti kọjá, mo fẹ́ padà wálé."

Àlàájà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó wọ bàtà.

"O wá fi omi tàn mí wá síbí kó o lè dágbére fún mi."

Ó dìde pẹ̀lú ìbínú, ó kọrí sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti mú kí àtẹ̀gùn náà máa yọ̀, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò lè lọ síwájú mọ́, kò sì lè padà sẹ́yìn. Damaris rọra kọjá lára rẹ̀, ó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà gbé ẹsẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ nìyẹn, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ ilẹ̀ gbalasa, Àlàájà ò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Ta ni màá wá máa bá jiyàn láràárọ̀?"

"Yàrá méjì ni mo ní kí Levi kọ́," ni Damaris fèsì. "Ọ̀kan tó mi."

Lóṣù kìíní, Damaris kó ẹrù rẹ̀. Àlàájà sìn ín dé Ojọ́ta, àmọ́ kò lè dúró wo bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣọ́ọ̀bù náà. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó di báàgì rẹ̀. Sìlífátù ọmọ rẹ̀ ní, "Mummy, ẹ̀yin nìkan, lọ́jọ́ orí yín?" Àlàájà ní kó lọ bá òun wá ọkọ̀ tó máa tètè gbéra.

Àwọn ará Ìpólé-Òkè ti ń pè é ní Àlàájà Èkó báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ lọ́jọ́sí. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti Damaris á jókòó lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Mojí ní òun ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú títì, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ó yẹ kí iyọ̀ wọ iṣu kó tó hó, tàbí lẹ́yìn tó bá hó tán.