Bọ́tìnì Inú Agolo

Télọ̀ là ń pe obìnrin náà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ dárúkọ iṣẹ́ míṣọ́n létí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi tọ́jú aláìsàn lókè òkun lórúkọ ìjọ. Ìyá wọn kú láìfojú kàn án. "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde," ni Télọ̀ máa ń wí, á sì pòṣé.

Síbẹ̀, òun náà ni ìjọ ń kó aṣọ àlòkù fún, kó tún un ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sáwọn míṣọ́nnárì. Kì í kọ̀. Á rán ibi tó ya, á lọ̀ ọ́, á wá fa bíléèdì yọ, á gé gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ máṣíìnì. Aṣọ oníbàárà ló ń lò wọ́n fún. "Wọ́n ti gba àbúrò mi. Ṣé wọ́n tún fẹ́ gba bọ́tìnì ni?"

Àìsàn ló dá àbúrò padà wálé. Ó ti rù kan eegun. Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, kóòtù aláwọ̀ eérú tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni Télọ̀ kọ́kọ́ dá mọ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló lẹ èjìká kóòtù náà. Okùn báńdéèjì ni wọ́n fi so iwájú kóòtù náà pọ̀ níbi mẹ́rin.

Télọ̀ fọwọ́ kan okùn náà. "Bọ́tìnì ńkọ́?"

"Àǹtí mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aṣọ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Inú kọ́kọ́ bí wa. Ìyá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù, tí ò ní ju bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn sí lọ, ló ní ká má bínú. Ó ní ẹni tó bá ń gé bọ́tìnì aṣọ àlòkù, ebi ló ń pa á. Àràárọ̀ la ń gbàdúrà fún un. Màmá náà kú lóṣù tó kọjá. Títí tó fi kú, ó ń béèrè bóyá onítọ̀hún ti rí jẹ."

Ojú ti Télọ̀, ó bá a dé eegun. Gbogbo ọdún tó fi ń pariwo pé ìjọ gbàgbé ará ilé, òun gan-an ni wọ́n ń rántí lókèèrè. Ó fa agolo náà jáde, ó ṣí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àǹtí, ibo lẹ ti rí gbogbo èyí rà?" Àbúrò ń rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ da bọ́tìnì inú rẹ̀ sórí máṣíìnì. Ó wá a títí, ó rí bọ́tìnì aláwọ̀ eérú mẹ́ta. Ìkẹrin ti bá aṣọ oníbàárà lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó fi wọ́n sójú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá a mu rẹ́gí.

"Mo ń rí jẹ," ló wí. "Kò sígbà kan tí n kò rí jẹ."

Àbúrò ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun dìde.