Máàpù Tí Mo Fi Di Ìwé

"Ubi es?" Bí Bàbá Tíṣà bá ti sọ báyìí, níbo lo wà ni wọ́n ń bi mí lédè Látìn. Màá gbé ìka lé máàpù, màá dáhùn pé, "In Italia sum," mo wà ní Ítálì. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo ìka mi títí, wọ́n ní, "Inú òkun lo wà yẹn. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Ilé kan náà la jọ ń gbé l'Ọ̀tà, lẹ́yìn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike. Bí fèrè iléeṣẹ́ bá ti dún nírọ̀lẹ́, tí òórùn ike gbígbóná gba gbogbo àgbàlá, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì síta fún àwa ọmọdé, wọ́n á fi máàpù ilẹ̀ Róòmù ayé àtijọ́ kọ́ ara ògiri. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Látìn tí wọ́n ń kọ́ wa sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú wọn. Àwọn ará ilé a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú. Èmi ṣáà fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Tíṣà á fi ọ̀pá tọ ọ̀nà pupa tí àwọn ọmọ ogun là wọ Róòmù, wọ́n á ní ọ̀nà yẹn ò ní kòtò bíi ti ọ̀nà Sàngó ìtòsí wa.

Nígbà tí ọlidé ń parí lọ, wọ́n yá mi ní máàpù náà kí n lè há orúkọ àwọn ìlú sórí. Wọn kì í yá ẹnikẹ́ni. Mo sì há wọn tán. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ò bá dì, ẹgba ni nílé ìwé wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi gbogbo kàlẹ́ńdà àtijọ́ di tiwọn. Bébà máàpù nípọn, ó sì ń dán. Mo mú àlùmọ́gàjí. Ìwé mẹ́fà ni mo rí dì, mo sì kó wọn lọ fi han Bàbá Tíṣà kí wọ́n lè yìn mí.

Wọ́n yẹ àwọn ìwé náà wò níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi mí pé Róòmù dà, mo na ìwé ìṣirò sí wọn.

"O dì í dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì fèrè dún, bẹ́ǹṣì ò jáde. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà kọjá kí n má bàa pàdé wọn. Wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí táàmù tó parí, ọmọ wọn wá mú wọn lọ sí Alápòtì.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó dùn mí títí dòní. Gbogbo orúkọ ìlú inú máàpù náà ni mo ṣì mọ̀ lórí, mo sì lè tọ́ka ọ̀nà tó wọ Róòmù láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alápòtì tí mo lè lọ kí n sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, n ò lọ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kú.