Gààrí Nínú Rédíétọ̀

Alùpùpù mi kì í ṣe ọ̀kadà. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kadà kò lè gba ọ̀nà oko mi lásìkò òjò. Alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà igbó ni, tòkunbọ̀, ó ga bí ẹṣin, táyà rẹ̀ sì ní eyín. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kì í ṣe atẹ́gùn lásán, ìdí nìyẹn tó fi ní rédíétọ̀ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún táǹkì, ọ̀kan lápá òsì. Bí omi inú wọn bá kọ̀ tí kò rìn mọ́, ẹsẹ̀ lẹ ó fi délé.

Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Oko kòkó bàbá mi wà lẹ́yìn ìlú Oǹdó, nínú igbó tí mọ́tò kì í dé, orúnkún mi kò sì gba ìrìn jíjìn mọ́. Ó ti pẹ́ tí àkọ́bí mi ọkùnrin ti ń sọ pé kí n gbé oko náà fún àwọn tó máa dá a, kí n jókòó sílé. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù bá ṣì ń gbé mi, oko náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ pé ohun tó kù tó so èmi àti oko pọ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, n kì í wọ igbó láìpè é, kí n sọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà fún un.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó ni alùpùpù máa ń sùn. A jọ wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi iná jó ihò rédíétọ̀ tó bá lu pọ̀. Bó bá jó o tán, á dí ẹnu rẹ̀ kan, á tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi, á wá fi họ́ọ̀sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kejì. Bí omi bá hó, ó ṣì ń jò nìyẹn. Kì í ṣe é lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Á ní kí o sún mọ́ ọn, kí o fi ojú ara rẹ rí i.

Èmi náà ń tọ́jú rédíétọ̀ méjèèjì. N kì í bu omi kànga sí i, nítorí ó máa ń gbé èérí funfun kalẹ̀ sínú rẹ̀. Kúláǹtì, omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì, ni mò ń lò. Bí mo bá toko dé, ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni mo fi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí àwọn irin wínníwínní iwájú rẹ̀ má baà tẹ̀.

Nígbà tí ìkórè kòkó ku díẹ̀, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi tú rédíétọ̀ méjèèjì, kó fọ inú wọn. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, ó ti dè wọ́n padà. Mo bi í pé dúrọ́ọ̀mù ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà. Ṣé àárín èmi pẹ̀lú rẹ la ti ń wo dúrọ́ọ̀mù?"

Ojú tì mí pé mo béèrè. Ó bá mi ti alùpùpù bọ́ sójú ọ̀nà, ó ní kí n rọra, ó sì juwọ́ sí mi.

Mo rọra lóòótọ́. Bí mo ṣe máa ń gùn ún nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ lóhùn ẹ́ńjìnnì pé ó ń gbóná, màá dúró sábẹ́ igi, á sinmi, a ó tún máa lọ. Lọ́jọ́ náà, ìsinmi pọ̀ ju ìrìn lọ. Oòrùn ni mo bá wí. Abúlé tó gbẹ̀yìn ti jìnnà sẹ́yìn kí ooru funfun tó bò mí lójú lórí òkè kan, tí ẹ́ńjìnnì sì kú.

Mo dúró títí ó fi tutù, mo fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe omi. Mo fi igi tọ́ ọ, ó fà. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀bà ni, ẹ̀bà tó ti kan.

Kò sí awakọ̀ nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé bí rédíétọ̀ bá jò lójú ọ̀nà, èèyàn lè bu gààrí díẹ̀ sí i, kó wú, kó dí ihò títí a ó fi délé. Nítorí náà, bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, mo gbà pé ìmẹ́lẹ́ ló mú ọ̀rẹ́ mi, pé ó rí ibi tó lu, kò jó o. Mo tilẹ̀ ti dárí jì í kí n tó dé ìlú, tòun ti orúnkún tó wú.

Mo bi í pé ibo ló ń jò. Kò wò mí. Ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Kò jò níbì kankan."

Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé.

"Ọmọ rẹ ló bẹ̀ mí. Ó ní bí mo bá fẹ́ràn rẹ, kí n jẹ́ kí alùpùpù yìí sú ọ. Mo rò pé yóò gbóná kó tó kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ìlú. N kò mọ̀ pé wàá máa fún un nísinmi títí tí yóò fi gbé ọ wọ igbó."

"O juwọ́ sí mi."

"Mo juwọ́."

Mo pe ọmọ mi. Kò sẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ̀mí yín ni mò ń rò." Mo sọ ibi tí alùpùpù kú sí fún un. Ó mọ òkè náà.

Nígbà tí wọ́n bá mi ti alùpùpù jáde nínú igbó, gààrí ti wọ inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀, fífọ̀ kò ràn án. Mo wá òmíràn lọ sọ́dọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta páàtì alùpùpù ní Àkúrẹ́. Èyí tó ń dán ló kọ́kọ́ gbé jáde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ìṣubú kan ló máa fọ́ ọ. Mo mú èyí tó nípọn, tí ẹnu àti ara rẹ̀ jẹ́ irin kan náà, mo sì ra irin ààbò tó máa dojú kọ òkúta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú wọn. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá nínú rédíétọ̀ tuntun?" Mo ní oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín gan-an.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó ni alùpùpù ń sùn báyìí. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, á juwọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì a máa wà lórí alùpùpù.

Ọmọ mi ṣì ń pè. Á ní, "Bàbá, ibo lẹ wà?" Lábẹ́ igi ni ìpè rẹ̀ sábà máa ń bá mi, lẹ́yìn abúlé tó gbẹ̀yìn, tí mò ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Mo máa ń dá a lóhùn pé mo wà nílé.