Ọ̀gá Tí Ò Mọ Ohun Tó Ń Fa Áyọ́ọ̀nù

Ọdún mẹ́fà ni Raheemat fi ń kúnlẹ̀ kí Dókítà Ọbádélé, kò sì sí ọjọ́ kan tí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ tí inú rẹ̀ kò pòṣé.

Ọmọ Ìlọrin ni Raheemat, àmọ́ Sókótó ni wọ́n bí i sí. Ní àdúgbò Kofar Rini níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Raheemat fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Sókótó. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni bí ìmọ́lẹ̀ lésà tó lágbára gan-an ṣe ń kọlu irin tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, tí irin náà á di pílásímà, ìyẹn gáàsì oníná, tí àwọn áyọ́ọ̀nù, èérún wíwúwo inú rẹ̀, á sì sáré jáde bí ọta ìbọn. Kò sí irú lésà bẹ́ẹ̀ nítòsí. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣírò ó, nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Mabera.

Ọbádélé, ọ̀gá rẹ̀, kò ṣírò ohunkóhun rí. Síbẹ̀, gbogbo ìwé tí Raheemat bá kọ, orúkọ ọ̀gá yìí ló ń ṣíwájú.

"Èmi ni wọ́n mọ̀," ni yóò wí, á wú bí búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Ọbádélé wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà, kóòtù ló wọ̀ nínú ooru oṣù kẹrin, ó ń tọ́ka sí àwòrán tí kò yé e. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Talatu, nawọ́.

"Sà, áyọ́ọ̀nù wúwo. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tì í?"

"Bí èèyàn ṣe ń ti ọmọlanke! Á gbá a, á lọ."

"Ìwé yín ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kai!" ni ẹnì kan ké lẹ́yìn.

Òógùn bo ọ̀gá. "Raheemat, ṣàlàyé fún un!"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Níta, lábẹ́ igi dógóyárò, Raheemat ṣàlàyé fún Talatu: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tó fúyẹ́ gan-an, ni lésà kọ́kọ́ ń lé jáde, àwọn ló wá ń fa áyọ́ọ̀nù tẹ̀lé wọn.

Wọ́n sọ Ọbádélé di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìwé tó jáde tẹ̀lé e, orúkọ obìnrin méjì péré, Raheemat àti Talatu, ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ò fi tèmi sí i?" ni ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ Raheemat.

"Ọlá yín ti ga ju ìyẹn lọ, sà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n yin òun ni.