Jangirọ́fà Tí Ẹ Gbé Kúrò Létí Àpáta

Ó dìgbà o, Bàbá Dọ́kásì, ó dìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè dá. Ẹ lọ, ẹ kò sọ fún mi. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ máa ṣe ohun tí ó kàn mí láìsọ fún mi. Káfíńtà àgbà, ẹni tí ó kan ìjókòó tí gbogbo ìjọ ń jókòó lé, ẹni tí ó kan ibùsùn fún ìyàwó tuntun, tí ó sì kan pósí fún arúgbó, ta ni yóò tún kan nǹkan ní Ṣakí tí a ó fi gbogbo ara jókòó lé láìbojú wẹ̀yìn?

Ìyá Dọ́kásì ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ." Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o sọ ọ́? Kọ ọ́." Àwọn mìíràn yóò kọ nípa ìwà rere yín sínú ìwé ìsìn ìrántí yìí, òótọ́ ni wọn yóò sì kọ. Èmi fẹ́ kọ èyí tí ó dùn mí mọ́ èyí tí ó dára, nítorí mo rántí bí ẹ ṣe máa ń bínú sí ọmọṣẹ́ tí ó bá fi oje igi dí ibi tí pákó ti sán, kí oníbàárà má baà rí i.

Nígbà tí mo dé láti Ìwéré-Ilé wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ṣakí níbí, n kò mọ ẹnì kan. Ilé Àlùfáà ni mo ń gbé. Bí mo bá la ẹnu ní kíláàsì, àwọn ọmọ a fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà mo pa ẹnu dé. Bí aago ìṣeré bá lù, àwọn kan a lọ máa yọ̀ wálẹ̀ lórí àpáta, awọ ewúrẹ́ lábẹ́ ìdí wọn. Àwọn ọkùnrin a lọ máa ja ìjàkadì nínú iyanrìn. Àwọn tó pọ̀ jù a tò sí ìdí jangirọ́fà. Èmi a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó máa wò.

Ẹni tí kò bá mọ pápá ìṣeré wa nígbà náà kò lè mọ ohun tí jangirọ́fà yín jẹ́. Òpó igi ayin méjì ni, ó ga tó ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n gun èjìká ara wọn. Igi ìdábùú kan wà lókè, wọ́n so okùn awọ màlúù mọ́ ọn, pákó ìjókòó rẹ̀ sì gba ọmọ mẹ́ta. Etí àpáta gan-an ni ẹ rì í sí. Bí ó bá lọ síwájú, ilẹ̀ a kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, orí igi ni ènìyàn yóò máa wò nísàlẹ̀, àyà a sì já pàà. Àwọn ọmọ a pariwo. Àwọn tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà ní ìsàlẹ̀ a gbójú sókè, wọn a ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ẹ fẹ́ bọ́ lé wa lórí ni?"

Ní àràárọ̀, kí aago ilé ẹ̀kọ́ tó lù, ẹ máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó fa okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi òòlù kan òpó, ẹ ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ẹ ó jókòó lé e fúnra yín. "Kí ó kọ́kọ́ mọ ìdí tèmi," bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń wí, "kí ó tó mọ ìdí ọmọ ọlọ́mọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ yín. Àga kan kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín rí láìjẹ́ pé ẹ ti jókòó lé e. Mo gbọ́ pé ọkọ ìyàwó kan bínú torí pé ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí ó ní kí ẹ kàn fún òun. Ẹ ní kí ó lọ ra ẹní.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ rí mi lẹ́bàá òpó. "Ta nìyẹn? Ṣé ìwọ náà kì í sùn ni? Wá jókòó." Mo jókòó, ẹ tì mí. Nígbà tí mo dé òkè pátápátá, mo rí ọ̀nà kan tó pupa láàárín koríko, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi wọ inú kùrukùru. Ọ̀nà Ìwéré-Ilé ni. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, ẹ rí omi ojú mi, ẹ kò béèrè ohun tó fà á. Ohun tí ẹ béèrè ni pé, "Kí lo rí?" Mo ní, "Ọ̀nà ilé wa, Bàbá." Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti tì mí tán, ẹ ó ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ Ìwéré, ṣé ilé ṣì wà níbẹ̀?" Èmi a ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, Bàbá." "Ó dáa. Sọ̀kalẹ̀, lọ kàwé."

Nínú gbogbo Ṣakí, ẹ̀yin nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tí n kò kọ́kọ́ ro ohùn mi.

Nígbà tí òjò wá pọ̀, mo rí nǹkan kan láti ibi tí mo máa ń dúró sí. Bí jangirọ́fà bá lọ síwájú, ilẹ̀ ìdí òpó ọ̀tún a la ẹnu díẹ̀. Bí ó bá padà, a pa á dé. Ọ̀gbàrá ti gbá yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Mo ki ewé koríko kan bọ ibẹ̀, ó gbé e mì. Lórí pákó lókè, Rúùtù, tí í ṣe olórí kíláàsì wa, ń pariwo pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pé kí wọ́n túbọ̀ ti àwọn.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò gbé e kúrò, n kò sì ní rí ọ̀nà ilé mọ́. Mo mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí n kò bá sọ ọ́. Mo wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ tán, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi." Ẹ gbé ọwọ́ lé ayùn yín, ẹ ní, "Ayùn yìí ni mo fi ń jẹun. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ìwọ ni." Àlùfáà yóò forí jì wá, mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ kì í fi ayùn búra. Mo tún bi yín pé, "Ṣé ẹ máa gbé e kúrò?" Ẹ ní, "Bí mo bá máa gbé e, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún." Ìlérí méjì nìyẹn. Mo gbé wọn lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mi bímọ, mo sì lọ sí Ìwéré fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti tú okùn jangirọ́fà sílẹ̀, èrò sì pé jọ sí etí àpáta. Ẹ ti ní kí ọkùnrin mẹ́rin wá fa òpó ọ̀tún. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kàn án kí àwọn yòókù tó dé ibẹ̀, ó sì fà á yọ ní òun nìkan, bí ẹni fa iṣu lókè ebè tí òjò ti rọ̀. Ọkùnrin náà ní, "Yéè! Orí èyí ni àwọn ọmọ wa ń fò sí?"

Ìgbà náà ni ẹ yíjú ká, tí ẹ wá mi rí láàárín èrò, tí ẹ na ìka sí mi. "Ọmọ Ìwéré yẹn ló rí i," bẹ́ẹ̀ ni ẹ wí. "Èmi tí mo ri òpó kò rí i. Òun ló wá sọ fún mi." Inú yín dùn bí ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ han ayé. Gbogbo orí yí sí mi. Bí ilẹ̀ bá la ẹnu lábẹ́ tèmi náà lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlé.

Wọ́n yí àwọn òpó náà lórí ìtì igi, wọ́n ń lé orin, títí wọ́n fi dé òdìkejì pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi irúgbá, níbi tí ilẹ̀ ti jinlẹ̀ tí ọ̀gbàrá kì í gbà. Ibi tí ó dára ni. Mo mọ̀ pé ibi tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ gan-an ni ilé ìdáná àwọn olùkọ́ wà.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dúró yí i ká. A ń retí kí ẹ jókòó lé e bí ìṣe yín. Ẹ kò jókòó. Ẹ pè mí. "Ìwọ tí o rí i, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gùn ún." Mo wò yín lójú, mo ń bi ara mi pé, ṣé èmi ni ẹ fẹ́ fi dán an wò? Ẹ kò fi ọmọ ọlọ́mọ wewu rí láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé lára mi ni ẹ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Mo jókòó. Ẹ tì mí. Mo lọ sókè, mo rí èéfín dúdú lára ògiri. Ẹ ké láti ẹ̀yìn, "Ọmọ Ìwéré, ṣé ilé ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ògiri ilé ìdáná ni mo rí, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá yín sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, Rúùtù sọ mí ní Ojú-Òpó. Bí mo bá ń kọjá, á ké pé, "Ojú-Òpó, jọ̀wọ́, bá mi wo ìdí mi wò, bóyá ó ń la ẹnu!" Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní jangirọ́fà arúgbó ni mo bá wọn ṣe. Orí pákó rẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun fún ara wọn. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín kọjá. Bí a bá pàdé, n ó kúnlẹ̀, n ó dìde, n ó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ pè mí, tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo rí i nígbà náà pé ẹ ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn bàtà yín. Mo rò pé ooru ni.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán ni Ìyá Dọ́kásì tó sọ fún mi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé jangirọ́fà ni ẹsẹ̀ yín ti ń wú, pé ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ láti wo ìdí òpó, ẹ kò sì lè gbé ẹsẹ̀ gun pákó. Wọ́n ní, "Bàbá ní nínú gbogbo yín, ojú rẹ ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá gbà láti jókòó lé e, àwọn mọ̀ pé ó dúró." Mo ní, "Kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ fún mi?" Wọ́n ní, "Bàbá ní kí n má sọ. Wọ́n ní o ó sunkún."

Bàbá, mo kúkú sunkún. Kí ni ẹ wá fi pípa á mọ́ ṣe? Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bò ni ẹ tú síta. Ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ fún mi ni ẹ bò. Èmi tí mo rí ìdí òpó, mo dúró níwájú yín, mo rí bàtà tí wọ́n là, n kò sì mọ ohun tí mo rí.

Ọjọ́ tí a sin yín, pósí wà lórí àpótí méjì ní àgbàlá. Sámúẹ̀lì, ọmọṣẹ́ yín àgbà tí òun náà ti ní ìyàwó àti ọmọ, ló kàn án. Ìṣó ti wọ́n láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti ń jagun ní ìlú wọn, ẹkún sì ti bo Sámúẹ̀lì lójú. Mo rí i pé pákó ìsàlẹ̀ kò jókòó dáadáa níbi ẹsẹ̀. Ìṣó kan ló wà níbi tí mẹ́ta yẹ kí ó wà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ẹni tí mo lè lọ sọ ọ́ sí létí, tí kò ní dárúkọ mi. Ẹni náà ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti inú yàrá.

Mo bá ké, pẹ̀lú ohùn Ìwéré mi, lójú gbogbo ìjọ: "Ẹ dúró o! Pákó ìsàlẹ̀ yẹn kò jókòó!"

Gbogbo orí tún yí sí mi. Sámúẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ibẹ̀, ìka náà wọlé. Ó ní, "Òótọ́ ni." Ó lọ yọ ìṣó méjì lára tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ó kàn án. Rúùtù wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sún sẹ́yìn kí n lè súnmọ́ pósí, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ pákó náà láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbé yín sí i.

N kò ní purọ́ nínú ìwé tí àwọn ènìyàn Ọlọ́run yóò kà: ó ṣì ń dùn mí. Ẹ ṣe ìlérí méjì fún mi, ẹ sì yẹ méjèèjì. Ẹ gba ọ̀nà ilé lójú mi, wọ́n sì wá sin yín sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹ ti kọjú sí ọ̀nà Ìwéré-Ilé tààrà. Mo dúró níbẹ̀ lánàá. Kùrukùru bo gbogbo rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ó kù sí yín lọ́wọ́ báyìí láti dá mi lóhùn. Bàbá, ṣé ilé ṣì wà níbẹ̀?

Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìwéré-Ilé, ni mo kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ mi sí i. Pákó ìsàlẹ̀ ti jókòó dáadáa, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ẹ sùn re o, Bàbá.