Mọ́ínmọ́ín Tó Tán Lórí Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní họlidé la ń lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn: fún àwọn ìyá tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, fún ẹni tó ń bá wọn dirun ní ọjà Rye Lane, títí kan ọkùnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ, tí kò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè. "Èmi àti àbúrò mi fẹ́ rìn kiri ìlú òyìnbó díẹ̀, ká dé Áyálándì, kí ojú wa náà rí nǹkan." Họlidé nínú oṣù Disẹ́ńbà, tí òtútù ń já èèyàn létí jẹ! Mo kàn ń wo ẹnu wọn ni. Láti Sydenham wá sọ́dọ̀ mi ní Peckham, wọ́n á ti bú òtútù, wọ́n á bú bọ́ọ̀sì, wọ́n á bú èmi tí mò ń gbé ibi tó jìnnà. Àwọn náà ló wá fẹ́ gba orí òkun lọ wòlú.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn wà ní Áyálándì. London níbí ni wọ́n bí i sí. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ló gbé e lọ sọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti pàdé òyìnbó kan tó ń sin àgùntàn. Òyìnbó náà gba ẹ̀sìn, wọ́n sì dájọ́ tí wọ́n máa so yìgì. Ọmọ wa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Mummy, ẹ máa wá bá wa jẹun lọ́jọ́ náà, àbí?" Inú ti ń bí ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ pé wọ́n dájọ́ láìbi àwọn léèrè. Wọ́n ní, "Á gba ibi ire." Wọ́n sì pa fóònù, wọn ò sì lọ.

Ẹ wò ó ná. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí a bá nídìí oúnjẹ, tí a ò fẹ́ bá jẹ, òun ni wọ́n sọ fún ọmọ wọn lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́ta gbáko, ìyá ò pe ọmọ, ọmọ ò pe ìyá. Èmi ni wọ́n sọ di wáyà. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?" Ọ̀rẹ́ mi! Ọmọ tí wọ́n fi oyún rẹ̀ yọ mí lẹ́nu títí ẹsẹ̀ mi fi wú nítorí ata rodo tí wọ́n ń rán mi rà.

Nígbà tí òtútù ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà pè mí. "Aunty, tí Mummy bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá. Mi ò ní bẹ̀ wọ́n o. But tí wọ́n bá tún ṣe bíi ti ìjọ́sí, I'm done. Aunty, I'm actually done." Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gbọ́. Ṣé mo ní mo fẹ́ rí i ni? Họlidé ni mò ń lọ." Ọjọ́ kejì ni mo bá wọn ní Rye Lane, wọ́n ń yẹ ewé mọ́ínmọ́ín wò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan aṣọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nílé tí wọ́n ti bí wa, àgbà kì í sọ fún ọmọdé pé òun ṣàṣìṣe. Oúnjẹ ló máa ń sè. Nígbà tí bàbá wa nà mí láìṣẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ni wọ́n bù sí àwo mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó mọ́ínmọ́ín eléwé láti kékeré. Tó bá jẹ ẹ́ tán, á tún máa fi eyín ha ewé náà títí tí a ó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ló máa bá ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀bẹ̀, ẹnu tiwọn á sì sinmi. Ẹja ni wọ́n fi sí i, nítorí wọ́n ní wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé ẹran wọ ibẹ̀. Wọ́n sè é, wọ́n tò ó sínú kúlà, wọ́n fi táwẹ̀lì wé kúlà náà. Láti inú bọ́ọ̀sì ní Peckham títí a fi wọ réluwéè ní Euston, orí itan wọn ló wà. Ìyá kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú kó lè rí ọmọ tuntun.

Nítorí pé họlidé ni, a ní láti ṣe bí ẹni tó wà ní họlidé. A sọ̀ ní Chester, a sùn síbẹ̀. Ìlú tó ní odi yí ká ni, bíi tàwọn baba wa, èèyàn sì lè rìn lórí odi náà. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn ilé àtijọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun yẹn, tí wọ́n ti wọ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló dé tí council wọn ò tún ilé yìí ṣe?" Ní ọjà Kérésìmesì, wọ́n ná ṣíbí onígi kan. Ọlọ́jà ní iye tó wà lára rẹ̀ náà ni. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n yíjú padà, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró kó pè wọ́n padà. Òyìnbó ò pè wọ́n. A rìn títí a fi dé ẹ̀bá odò, wọ́n ṣì ń fi etí sẹ́yìn. "Irú ọjà wo ni wọ́n ń tà báyìí?" Inú bí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n ya fọ́tò wọn, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín sí.

Ilé àlejò tí a sùn sí, wọ́n bẹ obìnrin tó ni ín pé kó bá àwọn gbé kúlà sínú fíríìjì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó kí i ẹ káàárọ̀, wọ́n bi í pé ṣé mọ́ínmọ́ín àwọn sùn dáadáa. Obìnrin náà ní ó sùn dáadáa.

Réluwéè gbé wa gba Wales dé etí òkun, a wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Dublin. Òkun ń ru díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka gbogbo àdúrà tí wọ́n mọ̀, wọ́n di kúlà mú bí ẹni pé òun ló máa gbé wọn léfòó. Nígbà tó yá, omi rọlẹ̀, ebi wá dé. Wọ́n ní ká jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré o!" Wọ́n ṣí kúlà, òórùn náà sì ta kalẹ̀.

Baba òyìnbó kan tó dé fìlà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ obìnrin. Ó wò wá. Ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n á máa wò lẹ́nu, tí kò ní pe èèyàn wá jẹun? Ẹ̀gbọ́n mi ní kó wá bá wa jẹ. Baba ní rárá o, a ṣeun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Peckham, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nílé, wọ́n tún pe baba náà lẹ́ẹ̀kejì kó má baà dà bíi pé ìpè ẹnu lásán ni. Baba tún ní rárá, èèyàn dáadáa ni yín. Ẹ̀gbọ́n mi, inú wọn dùn, wọ́n mọ̀ pé kò lè jẹ ẹ́, ni wọ́n bá fi ìkẹta tì í. "Please, please, come and eat!"

Baba bọ́ fìlà. Ó ní, tó bá jẹ́ pé ó dá wa lójú.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Baba tú ewé, ó jẹ ẹ́, ó pa ojú dé. Ó na kejì sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó fi bọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní kí la fi sè é? Ẹ̀wà ni? Ẹ̀wà kẹ̀? Ẹ wo orí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wú! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà, wọ́n sì ń tú ewé fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ṣé o ò rí i pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo rí i. Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó ṣì kù."

Kò kù. Nígbà tí wọ́n fi máa ki ọwọ́ sínú kúlà lẹ́ẹ̀kan sí i, ewé lásán ni wọ́n bá, nítorí wọ́n ti ní kí kálukú dá ewé rẹ̀ padà síbẹ̀ ká má baà da ìdọ̀tí sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Mi ò rí irú ojú yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo fẹ́ bínú, àánú wọn ò jẹ́.

Ìyàwó baba dúpẹ́, ó yọ kéèkì ńlá kan nínú báàgì, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tújú ká díẹ̀. Ó kéré tán, àwọn ti rí nǹkan gbé dání. Ìgbà tí a wọ bọ́ọ̀sì láti etíkun Dublin ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo gbé kéèkì náà símú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọtí ni."

"Nínú kéèkì?"

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Aúsùbílàhi!" Wọ́n yí padà, wọ́n fi jíǹkí ìyá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn wa. Ìyá náà ń ṣàdúrà fún wa títí tó fi sọ̀.

Ní ibùdókọ̀ ní Dublin, níbi tó yẹ ká ti wọ ọkọ̀ lọ sí Galway tí ọmọ wa ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ò dìde. "Jẹ́ ká padà sílé. A ti rí Áyálándì."

"A rí kí ni? Ibùdókọ̀ la rí!"

"Ọwọ́ òfìfo ni kí n gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ?"

"Ẹnu yín ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà tán lórí omi ni?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbá mi létí. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo sún sẹ́yìn. Wọ́n wá sọ ọ́, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ní kó má bínú, tó wá ní òun ń bínú ńkọ́?" Mo kàn gbé kúlà, mo wọ ọkọ̀, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní fi kúlà wọn sílẹ̀ fún mi.

Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ọ̀dàn tútù ni, ògiri olókùúta, àti àgùntàn tó pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí fèrèsé, ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni. Nígbà tí mo tẹ́tí, "má bínú" ni wọ́n ń sọ. "Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú." Wọ́n ń kọ́ ọ.

Àna wa ló wá gbé wa níbùdókọ̀, pẹ̀lú bàtà òjò dé orúnkún. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo, "Dìde, dìde, kóòtù ẹ!" wọ́n fà á lápá. Mo ro ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín fún un nínú ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní Áyálándì, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀jẹun, ìgbà kẹta ló máa ń gbà á. Abájọ! Ẹni tó ń pe èèyàn kó lè kọ̀ pàdé ẹni tó ń kọ̀ kí wọ́n lè tún pè é, mọ́ínmọ́ín wa ló sì fara gbá a. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sáré, kò kúnlẹ̀, ó ká ọwọ́ láyà. Ẹ̀gbọ́n mi na kúlà sí i, mi ò mọ ìdí rẹ̀, bóyá nítorí òun ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ṣí i, ó bá ewé òfìfo.

"Mo sè é fún ọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn kan ti jẹ ẹ́ lọ́nà. Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù ní ìjọ́sí, kò dáa. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ọmọ náà ń wo inú kúlà. Ó mú ewé kan, ó fi eyín ha á. Ó mú òmíràn.

"Mummy, òtútù ni, ẹ wọlé."

Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ kábéèjì, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Ọmọ dúró lẹ́yìn àga, kò jókòó. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀.

"Mummy, ẹ wá jẹun."

Mo di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀yin ẹ mọ gbólóhùn tó máa ń fúnra rẹ̀ jáde lẹ́nu àgbà Yorùbá tí wọ́n bá pè wá jẹun. Mo rí i tó dé ètè ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbé e mì, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"Bù ú wá," ni wọ́n wí. "Kó pọ̀ o."