Àpótí Àfàyọ Inú Bọ́ọ̀sì Aránṣọ

Lásìkò tí àwọn ṣójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, inú bọ́ọ̀sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ju inú ilé wa ní Ọ̀wọ̀ lọ. Aránṣọ ni ọkọ mi. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì, sípì àti láínì tí a fi ń tẹ́ inú aṣọ. Ó ti yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà kúrò, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì kan bẹ́ẹ̀dì pákó sẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọjà bá wà lọ́jọ́ náà la ó sùn: Ìjàgbà lónìí, Ìdógùn lọ́túnla, Òkèlùsé lẹ́yìn rẹ̀. Sítóòfù kan ṣoṣo ni ilé ìdáná wa. Mo fẹ́ràn ayé yẹn gan-an ni.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni ọ̀tá mi. Ó jìn bí ihò òkété. Ohunkóhun tí oníbàárà bá béèrè, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Màá kúnlẹ̀, màá ki orí bọ inú rẹ̀, màá máa fọwọ́ wá sípì dúdú kiri láàárín láínì, ọkọ mi á sì máa pè mí láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?" Lọ́jọ́ kan ní Ìdógùn, mo wọlé, mi ò lè jáde mọ́. Ìbàdí mi ti gan. Òun àti oníbàárà ló fà mí jáde.

Bí a ṣe délé ló ní ó tó gẹ́ẹ́. "Máa sinmi nílé. Èmi nìkan á máa lọ."

"Ulé kẹ̀?" ni mo wí; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ilé ní Ọ̀wọ̀. Ará Ìwó ni ọkọ mi, kò gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi, ó mọ̀ pé inú mi ti ń ru. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ló ṣe mí ní nǹkan, kì í ṣe ọ̀nà."

Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Bí o bá lè bá mi lọ sí Òkèlùsé, kí a tà, kí a rà, kí a sì padà dé láìjẹ́ pé o kúnlẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo tú àwọn àpótí ọṣẹ onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Téèpù tí a fi ń wọn ìbàdí èèyàn ni mo fi wọn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kan àwọn àpótí pẹlẹbẹ tó gùn dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí àpótí lè máa gun orí rẹ̀ wọlé, kó sì máa gun orí rẹ̀ jáde. Igi tí wọ́n ń wé òwú mọ́, tí òwú rẹ̀ ti tán, ni mo fi ṣe ibi ìdìmú. Kó lè máa yọ̀ dáadáa, mo fi epo pupa pa àwọn igi náà. Inú mi dùn débi pé orin ni mo ń kọ.

A gbé e lọ sí Ìjàgbà, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Ká tó débẹ̀, eruku pupa ti bá epo pò, ó ti di amọ̀. Mo fa àpótí, ó kọ̀. Ọkọ mi kàn wúkọ́. Ikọ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ìgbà tí mo ń ta sípì fún obìnrin kan ni ojú mi là. Bí sípì bá le, kí la máa ń fi pa á? Àbẹ́là. Nígbà tí a délé, mo fi ọ̀bẹ ha epo kúrò lára igi náà, mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó lè gbẹ, mo sì fi àbẹ́là pa á títí ó fi ń dán. Ìka kan péré ni mo fi ń fà á.

A gbéra lọ sí Òkèlùsé. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sódò, ewúrẹ́ bọ́ sójú títì, ọkọ mi tẹ búrẹ́ékì. Ohun tí mo fẹ́ kó máa yọ̀ ti yọ̀ jù! Gbogbo àpótí tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tìnnì sì fọ́n káàkiri bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí n lè ṣà wọ́n.

"Má kúnlẹ̀!" ni ọkọ mi kígbe.

Ó pa bọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò ó, omi sì ń bọ̀ lójú mi. Mo ní, "Ṣé ó ti di kí n jókòó sí ulé náà nìyẹn?"

"Ẹ̀rù ìbàdí rẹ ló ń bà mí," ló wí láìgbójú sókè. "Ta ló fẹ́ máa dá lọ?"

Ó mú rọ́bà ṣòkòtò, ó ṣe é ní ojú bọ́tìnnì, ó kàn án mọ́ iwájú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ó rán bọ́tìnnì kóòtù ńláńlá mọ́ awọ, ó kan awọ náà mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Bí èèyàn ṣe ń de kóòtù la ṣe ń de kọ́bọ́ọ̀dù wa láti ọjọ́ náà.

Ní Òkèlùsé, ìjókòó ni mo fi tajà. Àfi ìgbà tí ìyá arúgbó kan dé. Mo ti wà lórí eékún, mo ti ń sọ pé, "Ẹ kú ọjà, mà," kí n tó rántí. Mo yíjú wo ọkọ mi. Ó ti tẹrí mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà mìíràn tún pé, mo jí nílé, mo rí i pé àpò aṣọ tí mo máa ń gbé rìnrìn àjò kò sí níbi tí mo gbé e sí. Mo wọ inú bọ́ọ̀sì lọ. Aṣọ mi ni mo bá nínú àpótí òkè, èyí tí mi ò ní bẹ̀rẹ̀ kí n tó fà jáde. Ó ti ká wọn dáadáa, ó sì ti de bọ́tìnnì rẹ̀.